Iṣẹ́ Alárenà Láàárín Àwọn Agbágéèmù

Láyé àtijọ́, bí ọ̀dọ́mọkùnrin bá rí ọmọbìnrin tí ó wù ú, kì í dédé dá a dúró lójú ọ̀nà kí ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Alárenà ni yóò wá. Alárenà mọ ilé ọmọkùnrin, ó sì mọ ilé ọmọbìnrin. Òun ni yóò máa gbé ọ̀rọ̀ lọ, òun náà ni yóò máa gbé èsì bọ̀, títí àwọn méjèèjì yóò fi mọ ara wọn. Bí ojú bá ti mọ ojú tán, alárenà a yẹ̀ba.

Irú iṣẹ́ yìí gan-an ni kọ̀ǹpútà ń ṣe lóde òní láàárín àwọn tí wọ́n ń gbá géèmù pọ̀ láti ìlú kan sí òmíràn. Bí ẹnìkan bá jókòó sí Tókíò pẹ̀lú ẹ̀rọ géèmù kékeré lọ́wọ́, tí ẹlòmíràn sì jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú irú rẹ̀, èkíní kò mọ̀ pé èkejì wà láyé rárá. Kò mọ àdírẹ́sì rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò mọ̀ bóyá ó ń wá ẹni tí yóò bá gbá, kò sì mọ̀ bóyá ọ̀gá ni tàbí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ó di dandan kí kọ̀ǹpútà kan wà láàárín, tí àwọn méjèèjì mọ̀, tí wọ́n lè lọ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, tí yóò sì so wọ́n pọ̀. Sáfà ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè é. Ẹ̀rọ alárenà ni orúkọ tí ó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu jù lọ.

Ilé-iṣẹ́ ńlá tí ó ní mílíọ̀nù agbágéèmù kì í rí wàhálà púpọ̀ nínú èyí. Ìgbà yòówù kí ènìyàn dé, yóò bá ọ̀pọ̀ lórí ìjókòó. Ọ̀rọ̀ di òmíràn nígbà tí ó bá kan ẹgbẹ́ kékeré tí ó ṣì fẹ́ràn ẹ̀rọ àgbélọ́wọ́ kan tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é ti pa tì. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lè má ju ènìyàn 60 lọ ní gbogbo àgbáyé, kí wọ́n sì fọ́n ká bí ẹyẹ. Kò sí ilé-iṣẹ́ tí yóò ṣe alárenà fún wọn. Àwọn fúnra wọn ni yóò ṣe é. Ọ̀pọ̀ a sì máa rò pé ìmọ̀ ẹ̀rọ ni yóò dà wọ́n láàmú jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àìtó ènìyàn ni ìṣòro tí ó le jù, àní ó máa ń pa ẹgbẹ́ tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ láìlábùkù.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yéni, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo ìtàn ẹ̀rọ PSP tí ilé-iṣẹ́ Sony gbé jáde ní ilẹ̀ Japan ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá, ọdún 2004. Ẹ̀rọ yìí ṣeé gbé sínú àpò, ó sì ní agbára Wi-Fi. Ọ̀nà méjì ni ó ń gbà lo Wi-Fi náà. Ọ̀nà kìíní ni pé kí ó gba inú ráútà, èyí tí í ṣe ẹ̀rọ tí ń pín íntánẹ́ẹ̀tì nínú ilé, jáde sí ayé. Ọ̀nà kejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní ad hoc: PSP kan yóò máa bá PSP mìíràn tí ó wà nítòsí sọ̀rọ̀ tààrà, láìsí ráútà, láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn méjì tí ó jókòó ti ọpọ́n ayò kan. Àwọn tí ó ṣe géèmù ni wọ́n ń yan ọ̀nà tí wọ́n fẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì yan ad hoc nìkan, nítorí pé kò béèrè sáfà kankan.

Ọ̀kan nínú irú géèmù bẹ́ẹ̀ ni Monster Hunter ti ilé-iṣẹ́ Capcom. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe nínú rẹ̀ fún PSP jáde ní Japan ní ọdún 2005. Ọdẹ ni àwọn tí ń gbá a. Ọdẹ mẹ́rin lè jọ wọ igbó lọ kojú ẹranko abàmì kan. Ẹnìkan ṣoṣo lè dá a ṣe, ṣùgbọ́n inú kí mẹ́rin jọ lọ ni adùn rẹ̀ wà. Ní Japan, níbi tí èrò pọ̀ sí nínú ọkọ̀ ojú irin àti ní ilé oúnjẹ, kò ṣòro láti rí àwọn mẹ́ta yòókù. Àwọn ọ̀dọ́ a máa pàdé, oníkálukú pẹ̀lú PSP tirẹ̀, wọn a sì jókòó yí tábìlì ká. Èyí tí ó jáde ní 2010, Monster Hunter Portable 3rd, tà ju mílíọ̀nù 4 lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń gbé ìlú kékeré kan ní Jámánì tàbí ní Amẹ́ríkà lè ra géèmù náà kí ó má rí ẹlòmíràn tí ó ní irú rẹ̀ ní gbogbo àdúgbò. Ó ní ọpọ́n, ó ní ọmọ ayò, kò rí ẹni bá ta.

Àwọn ọlọ́gbọ́n kan wá ro ọ̀rọ̀ yìí sí méjì sí mẹ́ta. Wọ́n ṣàkíyèsí pé bí PSP bá wà ní ọ̀nà ad hoc, ńṣe ni ó ń ké sínú afẹ́fẹ́ pé, “Ta ni ó wà nítòsí?” Bí kọ̀ǹpútà tí ó ní Wi-Fi bá gbọ́ igbe náà, tí ó dì í bí ẹrù, tí ó fi í ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì sí kọ̀ǹpútà mìíràn ní ilẹ̀ òkèèrè, tí èyíinì tú ẹrù náà tí ó sì ké igbe kan náà sí etí PSP tí ó wà lọ́dọ̀ tirẹ̀, PSP kejì yóò gbà pé ẹnìkejì òun wà nínú yàrá kan náà. Ètò kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ XLink Kai ń ṣe iṣẹ́ yìí, bí irú rẹ̀ ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀ fún Xbox àkọ́kọ́. Gbàgede ni wọ́n pín in sí, géèmù kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú gbàgede tirẹ̀. Ẹni tí ó bá wọlé yóò rí orúkọ àwọn tí ó wà níbẹ̀. PSP fúnra rẹ̀ kò mọ nǹkan kan nípa gbogbo èyí. A tàn án jẹ fún ire ẹni tí ó ni ín.

Sony pàápàá gba ọ̀nà yìí ní ọdún 2008, nígbà tí wọ́n gbé Ad Hoc Party jáde ní Japan. Ẹ̀rọ ńlá wọn, PlayStation 3, ni wọ́n sọ di agbẹ́rù: ó fi wáyà so mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ń fi Wi-Fi bá PSP sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ rere ni, àfi pé ẹni tí ó ra ẹ̀rọ kékeré ní láti tún ra ńlá kí ó tó lè bá ẹnìkejì rẹ̀ ṣeré. Ní ọdún 2012 ni ètò kan tí ń jẹ́ PPSSPP dé, èyí tí Henrik Rydgård bẹ̀rẹ̀. Ó ń sín PSP jẹ lórí kọ̀ǹpútà àti lórí fóònù, nígbà tí ó sì yá, wọ́n fún òun náà ní ọ̀nà láti ṣe ad hoc lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú ètò yìí, agbágéèmù yóò kọ àdírẹ́sì ẹ̀rọ alárenà kan sí ibi tí a pèsè fún un. Gbogbo àwọn tí ó bá kọ àdírẹ́sì kan náà ni yóò lè rí ara wọn. Ẹni tí ó bá kọ òmíràn ti lọ sí ọjà mìíràn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé géèmù kan náà ni ó wà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì yìí dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n òun ni ó ń fọ́ ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ sí wẹ́wẹ́.

Ti ilé-iṣẹ́ Nintendo yàtọ̀ sí èyí. Wọ́n fi alárenà tiwọn lélẹ̀ fún Nintendo DS ní oṣù Kọkànlá ọdún 2005, nígbà tí Mario Kart DS jáde ní Amẹ́ríkà. Nítorí ààbò àwọn ọmọdé, wọ́n ṣe é pé ẹni tí ó bá fẹ́ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbá gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà ọ̀rẹ́ náà, èyí tí ó gùn tó dígíìtì 12. Ọ̀rẹ́ náà gbọ́dọ̀ kọ tirẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú. Géèmù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ó dáàbò bo ọmọdé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó sọ ìpàdé di iṣẹ́. Ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún, ọdún 2014, wọ́n ti ilẹ̀kùn alárenà yìí pa fún DS àti Wii, nítorí pé GameSpy, ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú iṣẹ́ náà fún wọn, ń palẹ̀ mọ́. Ohun kan náà tún ṣẹlẹ̀ sí Nintendo 3DS àti Wii U ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin, ọdún 2024. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́, géèmù kò sọnù, owó tí a fi rà wọ́n kò sì padà wá. Ẹnu ọ̀nà tí ó jáde sí ọ̀dọ̀ àwọn ẹlòmíràn ni a tì.

Ẹnìkan lè bèèrè pé báwo ni àwọn olólùfẹ́ géèmù ṣe wá ń gba ẹnu ọ̀nà tí a ti tì. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú bí ẹ̀rọ ṣe ń wá ẹ̀rọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà ni àdírẹ́sì tòótọ́, ṣùgbọ́n DS kò mọ nọ́ńbà alárenà rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni ó mọ̀. Bí ó bá fẹ́ lọ, yóò kọ́kọ́ bi kọ̀ǹpútà kan tí ó dà bí ìwé àdírẹ́sì pé, “Níbo ni ẹni tí ń jẹ́ báyìí ń gbé?” Àwọn onímọ̀ ń pe ìwé yìí ní DNS. Ó sì ṣe pé DS fún olówó rẹ̀ láyè láti yan ìwé àdírẹ́sì tí òun yóò bi. Bí olówó rẹ̀ bá yan ìwé tí àwọn olólùfẹ́ géèmù ń tọ́jú, DS yóò béèrè orúkọ àtijọ́, wọn yóò sì fún un ní nọ́ńbà tuntun. Ọ̀nà yìí ni Wiimmfi gbà láti ọdún 2014. Àwọn tí ó ṣe é ní láti kíyè sí ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ àtijọ́ ń sọ, kí wọ́n sì kọ́ ẹ̀rọ tuntun láti dáhùn ní ohùn kan náà. Iṣẹ́ àṣekára ni. Àwọn kan tí wọ́n ń pe ara wọn ní Pretendo ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún 3DS àti Wii U.

Ó yẹ kí olùkọ́ tí ọmọ rẹ̀ bá ń lo DS mọ ohun kan. Ìlànà ààbò Wi-Fi tí àwọn géèmù DS mọ̀ ni WEP, àwọn onímọ̀ sì ti fi hàn láti ọdún 2001 pé WEP ṣeé fọ́. Ẹni tí ó bá sọ ráútà gbogbo ilé di WEP nítorí géèmù ti ṣí fèrèsé sílẹ̀ fún olè. Ó sàn kí a lo ráútà àlòkù kan fún DS nìkan, kí a sì pa á nígbà tí eré bá parí.

Wàyí o, alárenà ti mọ orúkọ àwọn méjì, wọ́n sì fẹ́ pàdé. Ìdènà tí ó kù ni ẹnu ọ̀nà ilé. Ráútà dà bí aṣọ́nà ní ẹnu ọ̀nà agboolé. Gbogbo ẹ̀rọ tí ó wà nínú agboolé ni ó ń pín àdírẹ́sì kan ṣoṣo lò níta, aṣọ́nà kì í sì í jẹ́ kí ìránṣẹ́ kankan wọlé àfi tí ó bá mú èsì ọ̀rọ̀ tí ará ilé ti kọ́kọ́ rán jáde. Àlejò tí kò sí ẹni tí ó ránṣẹ́ pè é, lílé ni yóò lé e. Ààbò ni èyí jẹ́. Ṣùgbọ́n bí agbágéèmù méjì bá wà, tí oníkálukú ní aṣọ́nà tirẹ̀, ìránṣẹ́ ti èkíní yóò di ẹni à ń lé ní ẹnu ọ̀nà èkejì, ti èkejì náà yóò sì di bẹ́ẹ̀.

Ọgbọ́n tí alárenà ń dá nìyí. Àwọn méjèèjì ti kọ̀wé sí i tẹ́lẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ó ti rí àdírẹ́sì àti nọ́ńbà ilẹ̀kùn tí ìwé oníkálukú gbà jáde. Yóò fi ti èkíní han èkejì, yóò fi ti èkejì han èkíní, yóò sì sọ fún wọn pé kí wọ́n jọ ránṣẹ́ sí ara wọn ní àkókò kan náà. Nígbà tí ìránṣẹ́ tí ó ti òkèèrè bọ̀ bá dé ẹnu ọ̀nà, aṣọ́nà yóò rántí pé ará ilé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì yẹn ni, yóò rò pé èsì ni, yóò sì ṣí ilẹ̀kùn. Láti ìgbà náà lọ, àwọn méjèèjì yóò máa sọ̀rọ̀ tààrà. Ojú ti mọ ojú; alárenà ti yẹ̀ba.

Ó ṣe ni láàánú pé aṣọ́nà kan wà tí ó gbọ́n ju èyí lọ. Irú rẹ̀ máa ń lo ilẹ̀kùn ọ̀tọ̀ fún olúkúlùkù ẹni tí a bá ránṣẹ́ sí, tí ó fi jẹ́ pé ilẹ̀kùn tí alárenà rí kì í ṣe èyí tí ẹnìkejì yóò bá ní ṣíṣí. Àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù tí wọ́n ń kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ fóònù sábẹ́ àdírẹ́sì kan ṣoṣo sì máa ń mú irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ wá. Ní Nàìjíríà, níbi tí ó jẹ́ pé fóònù ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn ẹlòmíràn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, alárenà kò lè yẹ̀ba mọ́; òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa ru gbogbo ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ èkíní dé ọ̀dọ̀ èkejì títí eré yóò fi parí. Owó tí èyí ń ná ni ju ti kíkọ orúkọ sílẹ̀ lásán lọ, ó sì ń fi kún ìdádúró. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ kékeré tí kò bá pèsè rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ti ta díẹ̀ nínú ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ nù, bẹ́ẹ̀ ni kò ní èyí tí yóò ta nù.

Ìdádúró yìí náà ní ààlà tí kò sí ọgbọ́n tí ó lè rékọjá rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń sáré nínú wáyà onígíláàsì tó nǹkan bí kìlómítà 200,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù tó nǹkan bí kìlómítà 5,000. Bí wáyà bá tilẹ̀ tọ́ gbọnrangandan, àlọ àti àbọ̀ ọ̀rọ̀ kan kò lè dín ní ìdá 50 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan, wáyà abẹ́ òkun kì í sì í tọ́ bẹ́ẹ̀. Láti Tókíò dé New York, ó ju ìlọ́po méjì èyí lọ. Géèmù tí ó ń yí àwòrán padà ní ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ń fi ìdá 33 nínú 1,000 fún àwòrán kọ̀ọ̀kan. Kí ọ̀rọ̀ tó lọ kí ó tó bọ̀, àwòrán mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti kọjá. Àwọn géèmù kan a máa fara da èyí. Géèmù ìjà ẹlẹ́ni méjì kì í fara dà á, nítorí pé ẹ̀ṣẹ́ tí a rò pé a yẹ̀ ti bà wá kí ojú wa tó rí i. Géèmù ad hoc tilẹ̀ burú jù, nítorí pé ẹni tí ó ṣe é gbà pé inú yàrá kan náà ni àwọn òṣèré wà. Bí èsì bá pẹ́ díẹ̀, yóò rò pé ẹnìkejì ti dìde lọ, yóò sì já okùn náà.

Ọ̀rọ̀ agbára òṣèré ni ó tún kàn. Àwọn atayò mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọ̀ta àti ọ̀pẹ. Bí ọ̀ta bá ń pa ọ̀pẹ ní ìgbà gbogbo, eré náà kò ní pẹ́ sú ọ̀pẹ, yóò sì sú ọ̀ta pẹ̀lú. Arpad Elo, ọmọ ilẹ̀ Hungary tí ó di olùkọ́ ìmọ̀ físíìsì ní Amẹ́ríkà, ni ó ṣe ìṣirò tí ẹgbẹ́ chess àgbáyé tẹ́wọ́ gbà ní ọdún 1970. Olúkúlùkù ní máàkì. Bí máàkì ẹnìkan bá fi 200 ju ti ẹnìkejì lọ, a retí pé kí ó gba nǹkan bí 76 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ó bá fi 400 jù ú lọ, a retí 91. Ẹni tí ó bá ṣẹ́gun ẹni tí ó jù ú lọ yóò gba máàkì púpọ̀, ẹni tí ó bá ṣẹ́gun ọ̀pẹ yóò gba táṣẹ́rẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ alárenà ni ó ń lo ìṣirò yìí tàbí ohun tí ó jọ ọ́ láti so ẹgbẹ́ mọ́ ẹgbẹ́.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kékeré ti ń ṣìnà. Wọ́n rí bí ilé-iṣẹ́ ńlá ti ń ṣe é, wọ́n sì fẹ́ ṣe bákan náà. Bí a bá mú ẹgbẹ́ tí ó ní ènìyàn 60, tí oníkálukú wọn ń gbá géèmù fún wákàtí kan lójúmọ́ ní ìgbà tí ó bá wù ú, wákàtí 60 ni gbogbo rẹ̀. Bí a bá pín in sí wákàtí 24 tí ó wà nínú ọjọ́, ènìyàn méjì àti ààbọ̀ ni yóò máa wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Alárenà wá dé, ó pín wọn sí ilẹ̀ mẹ́ta nítorí ìdádúró, ó pín ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìpele agbára mẹ́ta, ó sì pín ìpele kọ̀ọ̀kan sí irú eré méjì. Àtẹ 18 nìyẹn. Ènìyàn méjì àti ààbọ̀ lórí àtẹ 18! Olúkúlùkù yóò jókòó ti àtẹ tirẹ̀, yóò sì máa wo ìran òfo. Ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kò sí àléébù kankan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó pàdé ẹnìkan.

Ohun mìíràn tún wà tí ojú kì í tètè rí. Bí ẹnìkan bá wọlé ní aago mẹ́jọ, tí ó dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, tí kò rí ẹnìkan, yóò lọ. Òmíràn dé ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òun náà dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ó sì lọ. Bí wọ́n bá ń wá báyìí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, ènìyàn mẹ́fà ni yóò ti wá láàárín wákàtí kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò sì padà sílé láti sọ pé ẹgbẹ́ náà ti kú. Kò kú. Ènìyàn mẹ́fà wá. Ìgbà tí wọ́n wá ni kò bára mu.

Kò sí ẹ̀rọ tí ó lè wo àìsàn yìí sàn bí ọjọ́ ọjà ti lè wò ó. Àwọn baba wa mọ̀ pé bí abúlé kékeré bá ń ná ọjà lójoojúmọ́, olùtajà mẹ́ta yóò máa wo ojú ara wọn. Nítorí náà ni wọ́n fi dá ọjà ọrún-ọrún sílẹ̀, tí gbogbo agbègbè fi ń kó jọ lọ́jọ́ kan náà. Ẹgbẹ́ ènìyàn 60 tí ó bá fi ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan ṣe ọjọ́ ìpàdé, tí ìdajì wọn bá sì wá, ti ní ènìyàn 30 lójú kan. Ọdẹ mẹ́rin-mẹ́rin yóò lọ sí igbó ní ọ̀nà méje, méjì yóò sì kù tí yóò máa dúró de àyè.

Yíyan wákàtí náà gba ìrònú. Aago mẹ́jọ alẹ́ Sátidé ní Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ ìdájí ọjọ́ Àìkú ní Tókíò, kò sì sí bí a ṣe lè tẹ́ gbogbo ayé lọ́rùn. Ó sàn kí ìpàdé méjì wà lọ́sẹ̀ fún apá méjì ayé ju kí ọ̀kan wà tí ìdajì ẹgbẹ́ yóò máa sùn nígbà rẹ̀. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù a tún máa yí aago wọn padà ní ìgbà méjì lọ́dún, àwọn ará Èkó kì í sì í yí tiwọn. Ẹgbẹ́ tí ó bá ń ka wákàtí rẹ̀ nípa UTC, èyí tí kì í yí padà, yóò bọ́ lọ́wọ́ ẹjọ́ pé ẹnìkan pẹ́.

Alárenà náà ní ohun tí ó lè ṣe. Kí ó má ṣe pín àtẹ rárá ní ìbẹ̀rẹ̀. Kí gbogbo ènìyàn wà ní gbàgede kan, kí orúkọ, ìlú àti máàkì oníkálukú hàn, kí àwọn fúnra wọn sì yan ẹni tí wọ́n fẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ni yóò yàn, kí ó kọ́kọ́ wá ẹni tí máàkì rẹ̀ súnmọ́ ti ẹni tí ń dúró. Lẹ́yìn ààbọ̀ ìṣẹ́jú, kí ó sún ààlà síwájú. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, kí ó mú ẹnikẹ́ni tí ó bá wà. Ọ̀pẹ tí ó bá ọ̀ta ta tí ó sì pàdánù ti ta ayò lónìí. Kí agogo sì wà pẹ̀lú: bí ẹnìkan bá wọ gbàgede tí ó bá òfo, kí ó lè lu agogo tí yóò dún lórí fóònù àwọn tí wọ́n ti gbà kí ó máa dún fún wọn. Agogo yìí rọrùn láti ṣe ju ìṣirò Elo lọ, ó sì ń ṣe ẹgbẹ́ kékeré láǹfààní jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí àdírẹ́sì alárenà jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí èdè-àìyedè bá bẹ́ láàárín àwọn olórí ẹgbẹ́, tí apá kan lọ dá sáfà tirẹ̀ sílẹ̀, ènìyàn 60 ti di 30 àti 30. Bí a bá tún un pín, kò sí ohun tí ó kù láti pín.

Nípa owó, ẹ̀rù kò yẹ kí ó ba ẹnikẹ́ni. Orúkọ, àdírẹ́sì àti máàkì ènìyàn 60 kò kún ojú ìwé méjì; kọ̀ǹpútà àlòkù kan tó láti tọ́jú wọn. Ohun tí ó yẹ kí ó ba ni lẹ́rù ni ọ̀ràn àwọn ọmọdé, nítorí pé ibi tí àjèjì ti ń pàdé àjèjì ni gbàgede. Kí orúkọ ìnagijẹ nìkan máa hàn, kí a má gba nọ́ńbà fóònù tàbí orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, kí àgbàlagbà méjì tí ẹgbẹ́ mọ̀ máa wà lójúfò ní gbogbo ọjọ́ ìpàdé, kí wọ́n sì ní àṣẹ láti lé ẹni tí ó bá ń hùwà àìtọ́ jáde. Ìlú kàn ṣoṣo ni kí a fi hàn, kí ó má jẹ́ àdúgbò. Bákan náà, iṣẹ́ alárenà kò kan pípín ẹ̀dà géèmù fún ẹni tí kò rà á. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà dá èyí lẹ́kun, ẹgbẹ́ tí ó bá sì dà á pọ̀ mọ́ tirẹ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pe àwọn agbẹjọ́rò.

Ó ku ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá ti ilẹ̀kùn, a máa ń kéde rẹ̀ ní oṣù mélòó kan ṣáájú. Alárenà tí ẹnìkan ṣoṣo ń tọ́jú nínú ilé rẹ̀ kì í kéde. Onítọ̀hún lè gba iṣẹ́ tuntun, ó lè bímọ, ó lè ṣàìsàn; ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan àdírẹ́sì náà kò ní dáhùn mọ́, kò sì ní sí ẹni tí ó mọ bí a ṣe kọ́ ọ. Nítorí náà, ènìyàn méjì, tí ó dára kí wọ́n wà ní ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ni ó yẹ kí ó ní kọ́kọ́rọ́. Kí gbogbo ohun tí a ṣe láti gbé ẹ̀rọ náà ró wà ní àkọsílẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ̀dà orúkọ àti máàkì sì máa lọ sọ́dọ̀ ẹnìkejì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹni àkọ́kọ́ pa ẹ̀rọ náà, kí ó má sì sọ̀rọ̀ rárá. Kí ẹnìkejì mú àkọsílẹ̀ náà, kí ó máa tẹ̀ lé e ní ẹsẹẹsẹ, kí ó sì gbé alárenà mìíràn dìde kí aago ìpàdé Sátidé tó lù.